Ojú Géèjì Mùs'áb

Láti ìgbà tí wọ́n ti kírun Alaásárì ni Mùs'áb ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà àgbàlá wọn ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tó ń fi ògbólógbòó síńgílẹ́ẹ̀tì àti ọṣẹ ìfọyín pa ojú géèjì rẹ̀. Ìdí ọkọ̀ ojú omi ló ń fọ̀ jẹun lábẹ́ ọ̀sà. Abẹ́rẹ́ inú géèjì róbótó yìí ló ń sọ fún un bí afẹ́fẹ́ ṣe kù sí nínú sìlíńdà tó máa ń pọ̀n sẹ́yìn. Láàárọ̀, Sùrájù ọ̀gá wọn wò ó, ó dá a padà sílé.

"Bí mi ò bá lè ka géèjì yìí lọ́la, o ò ní wọmi. Mi ò gbókùú lọ fún ìyá ẹnikẹ́ni."

Alfa Jíbrílù, bàbá rẹ̀, ló fa wàhálà. Ewé eépín tó ń gún lọ́wọ́ ló fi ń fọ gbogbo wàláà ilé kéú rẹ̀ títí igi á fi dán. Ó rí iyọ̀ ọ̀sà tó dì mọ́ géèjì ọmọ rẹ̀, àánú ṣe é, ló bá fewé náà fọ̀ ọ́. Iyọ̀ lọ lóòótọ́, àmọ́ ojú géèjì wá dà bí ibi tí ológbò méjì ti jà.

"Àrẹ̀mú," bàbá fa àpótí sún mọ́ ọn, "ọmọ a-wọ-ọ̀sà-bí-ẹni-wọlé-baba-ẹ̀…"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kì mí. Inú ń bí mi."

"Ṣé mo ní kínú má bí ẹ ni? Kọ́wọ́ ẹ lè yá ni mo ṣe ń kì ẹ́."

Mùs'áb nu ọṣẹ kúrò. Àwọn ìlà kéékèèké ti ń pòórá, ṣùgbọ́n àwọn tó jìn kò mira. Ibi pupa, níbi tí abẹ́rẹ́ ń balẹ̀ sí bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ tán, ni wọ́n pọ̀ sí jù. Ó pa á, ó pa á, èjìká bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó.

"Yà Allah! Kí ni mo ṣe?" Mùs'áb figbe ta.

Bàbá gba géèjì, ó gbé kẹ́tù àlùwàlá, ó da omi lé e lórí bí ẹni ń fọ tàdáà kúrò lára wàláà. Ìlà pòórá pátápátá. Pupa yọ kedere.

"Alihamudulilai! Ó ti lọ!"

Omi gbẹ. Ìlà padà.

Mùs'áb mí kanlẹ̀. "Lábẹ́ omi, màá kà á, Bàbá. Àmọ́ orí ọkọ̀ ni Sùrájù ti ń wò ó, ní gbígbẹ."

"Sọ fún un kó dami sí i."

"Sùrájù? Ẹni tó jẹ́ pé bẹ́ ẹ bá ní ilẹ̀ ti mọ́, á kọ́kọ́ lọ yọjú lójú fèrèsé!"

"Mú aṣọ yẹn wá nígbà náà."

"Ẹ fọwọ́ yín hàn mí ná."

Alfa la àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. Kò sí ewé níbẹ̀. Mùs'áb gbé síńgílẹ́ẹ̀tì fún un.

Wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn títí tí ládánì fi ń yẹ mikúrófóònù wò fún Màgàríbì. Mùs'áb gbé géèjì sókè, ní gbígbẹ. Ó ka pupa. Ìlà kan ṣoṣo ló là á kọjá, èyí tó jìn jù, kò sì lọ mọ́.

"Tiyín nìyẹn, Bàbá."

"Á máa rán ẹ létí mi lábẹ́ omi."

"Á máa bí mi nínú lábẹ́ omi ni," Mùs'áb wí, ó dìde lọ ṣàlùwàlá.