Kẹ́ẹ̀gì Tó Ti Iresa Wá

Mùílì gbé ẹnu kẹ́ẹ̀gì náà sí imú, ó sì yára gbé e sílẹ̀.

"Ìyàwó, níbo lo ti rí èyí?"

Marufat ní ẹ̀yìn ahéré Mùílì ní Iresa ni òun ti mú un, lọ́jọ́ tí òun wá kó ìgbẹ́ adìẹ. Kò sẹ́ni tó ń lò ó. Òun ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, òun sì ti ha bébà ara rẹ̀ dànù.

"Kẹ́míkà tí a fi ń pa koríko ló wà nínú rẹ̀," ni Mùílì, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, wí. "Ọṣẹ ò ran èyí."

Marufat wo iwájú yàrá rẹ̀. Ibẹ̀ kò fẹ̀ ju ẹní méjì lọ, ṣùgbọ́n àpò sìmẹ́ńtì mẹ́rìnlá ló gbin tẹ̀tẹ̀ sí níbẹ̀, ó sì ti tó ọdún mẹ́ta tó ti ra ẹ̀fọ́ ní ọjà Takie kẹ́yìn. Orí ọpọ́n rẹ̀ ni àwọn ará ilé ti ń ṣe àlùwàlá; omi yẹn ló fi ń bomi rin ẹ̀fọ́. Nígbà tí ọpọ́n ń kún jù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í da omi náà pa mọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì. Ọjọ́ márùn-ún nìyẹn. Láti àná ni ewé ti ń pọ́n. Láàárọ̀ yìí, gbogbo rẹ̀ ti sùn sílẹ̀. Ó rò pé kòkòrò ni, ló fi ránṣẹ́ pe Mùílì.

"Ta ló ti jẹ nínú rẹ̀?"

Òun kò tíì jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n níjẹta, kí ewé tó yí àwọ̀, ó já ìdì kan fún Dorcas, ará ilé wọn tó bímọ lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ìgbà gbogbo ló máa ń bá ọmọbìnrin náà wí pé ó ń fi nǹkan ṣòfò. Ó tilẹ̀ kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ da ìkankan nù níbẹ̀.

Mùílì rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní ewé díẹ̀ lásán ni, ó lè má ṣe nǹkan kan. Bí onílé bá sì gbọ́, yóò ní kó kó gbogbo àpò náà kúrò. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá ẹ̀sùn sí i lẹ́sẹ̀.

Marufat ti ń kan ilẹ̀kùn Dorcas.

Dorcas jókòó, ó ń fún Olúwadára ọmọ rẹ̀ lọ́yàn. Ìkòkò kékeré kan wà lórí sítóòfù.

"Ẹ káàárọ̀ mà, Ìyá Zulaikha. Ẹ ò ní bá mi jà lónìí. Ìyókù ẹ̀fọ́ tàná ni mò ń gbé kaná yẹn, mi ò da ìkankan nù."

Marufat pa sítóòfù náà.

"Olúwadára ńkọ́?"

"Ó ń bì díẹ̀díẹ̀ láti àná." Ẹ̀rín kúrò lójú Dorcas. "Kí ló dé, mà?"

Marufat sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò fi ìkankan pa mọ́. Dorcas yọ ọmú kúrò lẹ́nu ọmọ, ọmọ náà sì bú sẹ́kún.

"Pọ̀n ọ́n," ni Marufat wí. "A ń lọ sílé ìwòsàn."

Ó padà lọ mú kẹ́ẹ̀gì náà. Mùílì na láílọ́ọ̀nù dúdú kan sí i pé kó fi bò ó, nítorí gbogbo Takie ni yóò rí i. Marufat kò gbà á.

"Ẹ̀yin náà ń bọ̀, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ máa sọ orúkọ kẹ́míkà náà fún dókítà. Bébà tí wọ́n kọ ọ́ sí nìkan ni mo dà nù."