Pòròpórò Ìsàlẹ̀ Òkìtì

Ẹfọ̀n méjì ló wà lágbàlá Siraj, lábúlé kan nítòsí Sheikhupura. Ọ̀kan jẹ́ tirẹ̀, èkejì jẹ́ ti Zohra, àbúrò rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ opó. Ẹfọ̀n yẹn nìkan logún tí ọkọ fi sílẹ̀ fún Zohra. Nítorí pé kò ní ibi tí yóò so ó mọ́, ó fà á fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sìn bí wọ́n ti í ṣe níbẹ̀: wàrà di ti Siraj, ọmọ tó wà níkùn ẹran di ti Zohra.

Òjò ká ìrẹsì mọ́ oko lọ́dún náà. Wọ́n kó pòròpórò ìrẹsì náà jọ sí òkìtì fún ẹran; ti òkè òkìtì gbẹ dáadáa, ti ìsàlẹ̀ sì bu, ó dúdú. Ta ló fẹ́ da oúnjẹ ẹran nù? Siraj ń yọ tòkè fún tirẹ̀, ó ń fa tìsàlẹ̀ fún ti Zohra. Ó ní ẹran ò mọ adùn. Irọ́ ni, ó sì mọ̀ pé irọ́ ni, torí kò jẹ́ kí tirẹ̀ tọ́ ọ wò.

Nígbà tí òtútù dé, ẹfọ̀n Zohra ń tiro. Etí rẹ̀ gbẹ, ṣóńṣó ìrù rẹ̀ dúdú, ó já bọ́. Siraj pariwo pé ojú burúkú ló mú un. Ó so àlòkù bàtà mọ́ ọn lọ́rùn láti fi lé ojú náà lọ, ó wá ń wo àwọn aládùúgbò níwòkuwò.

Farkhanda, dókítà ẹran tí wọ́n pè wá wò ó, bú sẹ́rìn-ín nígbà tó rí bàtà náà.

"Bàbá, ẹ tú bàtà yìí kẹ́ ẹ wọ̀ ọ́ sẹ́sẹ̀ yín. Oúnjẹ tó bu ló ṣe é. Oró inú rẹ̀ ló fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ò dé ìrù, kò dé etí, kò dé pátákò mọ́. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ò bá sì dé, kíkú ló ń kú. Tí kò bá rí oúnjẹ gbígbẹ jẹ látòní, àtìyá àtọmọ lẹ máa pàdánù." Ó wo ẹfọ̀n kejì tí ara rẹ̀ ń dán. "Èyí ńkọ́, kí ló ń jẹ?"

"Ohun kan náà ni wọ́n jọ ń jẹ," ni Siraj fèsì kíá. Kò lè gbójú sókè.

Ìgbà náà gan-an ni Zohra wọlé, ẹrù pòròpórò gbígbẹ lórí, òógùn lójú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìyà ẹran. Àwọn aládùúgbò ní ìdọ̀tí ni àwọn ẹran ń jẹ níbí, mo ní kò sí lọ́wọ́ yín ni. Tó bá wà, ṣé ẹ ò ní fún wọn ni? Mo lọ kó ìgbẹ́ màlúù nílé onílẹ̀ kan, pòròpórò yìí ni mo ní kí wọ́n fi san owó iṣẹ́ mi."

Ìtìjú bo Siraj látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó sì wù ú kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì. Ẹni tó ní ikú yá ju ẹ̀sín kò purọ́.

Zohra pín ẹrù sí méjì. Ó gbé ìdajì síwájú aláìsàn, ìyẹn sì ki ẹnu bọ̀ ọ́. Ó gbé ìdajì tó kù fún ẹfọ̀n ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ìwọ náà jẹun. Ebi ti pa yín pọ̀."

Ẹfọ̀n Siraj gbóòórùn rẹ̀, ó yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ti yó. Zohra bẹ̀rẹ̀ wo ibi ìjẹun rẹ̀, ó rí pòròpórò gbígbẹ tó ṣẹ́ kù síbẹ̀. Ó wò ó títí.

Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó rọra kó ìdajì tó gbé fún ẹfọ̀n Siraj padà, ó dà á síwájú ẹran rẹ̀, ó sì kọjú sí Farkhanda.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ mọ ẹnì kan tó lè bá mi sin ẹran?"