Ohun Tí Mo Sọ fún Agbẹ̀bí

Ojú ń tì mí. Ojú ń tì mí débi pé bí mo bá rí ará mọ́sálásí wa ní Rye Lane, òdìkejì títì ni mò ń gbà. Wọn ò tíì mọ nǹkan kan o. Èmi ni mo mọ̀.

Nímọ́tà lorúkọ mi. Ó ti di ọdún mọ́kànlélógún tí mo ti ń nulẹ̀ ní kílíníìkì aláboyún kan ní Peckham, nílùú òyìnbó níbí. Gẹ̀ẹ́sì mi dán, mo sì máa ń fi yangàn. Nígbà tí Hameedah, ìyàwó ọmọ mi Làtíìfù, dé láti Ìsẹ́yìn tó sì lóyún, àwọn agbẹ̀bí ibẹ̀ ní àwọn lè fi ògbufọ̀ orí fóònù ràn án lọ́wọ́. Mo ní rárá o, ṣé mo ti kú ni? Èmi ni màá máa bá a sọ ọ́.

Bí mo bá ń nulẹ̀, wọn kì í rántí pé mo létí. Mo ti gbọ́ tí àwọn agbẹ̀bí kan ń fi àwọn obìnrin wa ṣe yẹ̀yẹ́ nídìí tíì: pé kò síbi tí kì í dun àwọn ará Áfíríkà, pé ariwo wọn ti pọ̀ jù. Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ gbọ́ mi? Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín! Mo sì ti pinnu pé ìyàwó ilé tèmi ò ní sí lára àwọn tí wọ́n ń sọ yẹn.

Lọ́jọ́ Ajé yẹn, oyún ti pé oṣù mẹ́jọ. Obìnrin òyìnbó kan wà níwájú wa tó ń pariwo pé àyà ń ta òun, pé òun ò ní kúrò níbẹ̀ àfi tí wọ́n bá yẹ òun wò. Mo pòṣé. Mo sọ sí Hameedah létí pé, "Wo aláìnítìjú." Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí wọ́n fi mú obìnrin náà wọlé.

Ó kàn wá. Agbẹ̀bí tó rí wa ń kánjú. Ó béèrè bóyá orí ń fọ́ Hameedah. Hameedah kọjú sí mi.

"Mummy, ẹ bá mi sọ fún wọn pé ó ti di ọjọ́ mẹ́ta tí orí ti ń fọ́ mi, oògùn ò ràn án. Mo tún ń rí nǹkan kan tó ń kọ mànà lójú mi. Òrùka mi ò sì wọ ìka mi mọ́."

Agbẹ̀bí wò mí. Ó mọ̀ mí dáadáa, a ti jọ jẹ bisikíìtì rí. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́.

"She is fine, my dear," mo ní. Mo ní ó kàn rẹ̀ ẹ́ díẹ̀ ni, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Hameedah ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ìyẹn. Ó wò mí, ó sì sọ ojú sílẹ̀. Ìyàwó wo ló máa já ìyá ọkọ rẹ̀ nírọ́ níwájú àlejò? Agbẹ̀bí rí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú, ó ní oyún ló ń fà á. Ó yẹ kó yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò, àmọ́ ẹ̀rọ ò dá a lóhùn, ó ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tí a jáde, mo ní kí Hameedah lọ sùn, pé kò sí aláboyún tí orí kì í fọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun Àsárì, ó ṣubú lulẹ̀ ní kíṣìnì wa, gìrì mú un. Àmbúláǹsì gbé wa dé ọsibítù. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á. Wọ́n rí òun gbà là. Ọmọ kú. Ọkùnrin ni, Làtíìfù àti àwọn ará mọ́sálásí ló lọ sin ín.

Lọ́jọ́ kẹrin, dókítà àgbà wá sídìí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, wọn ò bi mí. Wọ́n pe ògbufọ̀, wọ́n gbé fóònù sórí tábìlì. Ohùn obìnrin kan jáde, ó kí wa ní Yorùbá pé ẹ kú ìrọ́jú. Dókítà béèrè bóyá orí ti ń fọ́ Hameedah tẹ́lẹ̀. Hameedah ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ó sọ fún ẹnikẹ́ni?

Hameedah ò wojú mi. "Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ògbufọ̀ sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Dókítà mí kanlẹ̀, ó kọ ọ́ sínú fáìlì, ó sì rọra sọ fún nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé bí àwọn obìnrin wọ̀nyí ṣe máa ń ṣe nìyẹn, wọn kì í tètè sọ.

Háà! Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Ọmọ ọlọ́mọ ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù ọmọ rẹ̀, ó tún wá ń gba ẹ̀bi tèmi rù. Mo lanu, Gẹ̀ẹ́sì ò jáde. Mo bá tẹ̀ síbi fóònù náà.

"Arábìnrin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn. Nítorí tèmi ló ṣe purọ́. Ó sọ. Ó ní kí n sọ fún wọn, èmi ni mo sọ pé ara rẹ̀ le. Mi ò fẹ́ kí àwọn òyìnbó fi wá ṣe yẹ̀yẹ́."

Hameedah bú sẹ́kún. "Mummy, ẹ fi sílẹ̀."

Ògbufọ̀ náà rẹ ohùn sílẹ̀.

"Mummy, ṣé kí n kúkú sọ fún wọn pé ẹ gbàgbé ni?"

"Rárá," mo ní. "Ẹ sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́."