Ọjọ́ Tí Igi Wó Lu Ọ́fíìsì Ìyá Òfin

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni wọ́n gba obìnrin yìí sí nínú ọgbà ewéko ìbílẹ̀ kan, ọgbà tí wọn kì í gbin igi òkèèrè kankan sí. Nígbà tó fi di akọ̀wé àgbà, òun ló ń ṣètò ìsinmi òṣìṣẹ́, òun ló ń gba àlejò, ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilẹ̀kùn wà. Kì í gba gbẹ̀rẹ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè é ní Ìyá Òfin. Lẹ́yìn rẹ̀ ni o. Ta ló tó bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀?

Olórí àwọn olùtọ́jú ọgbà nìkan ni kì í bẹ̀rù rẹ̀. Bàbá náà á kàn gbé bàtà ẹlẹ́rẹ̀ wọ ọ́fíìsì ni. Lọ́jọ́ kan, Ìyá Òfin lé e jáde níṣojú àlejò. Látìgbà náà, wọn kì í kí ara wọn mọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Òfin ṣẹ̀ṣẹ̀ tan kọ̀ǹpútà ni, bọ́ọ̀sì ilé ìwé kan bá ń fọn fèrè lẹ́nu géètì. Ó fi báàgì sórí àga, ó jáde lọ bá dírẹ́bà wí. Ẹnu ìbáwí ọ̀hún ló wà tó gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí ilẹ̀ ya. Kò sí ìjì, kò sí òjò. Igi tó dàgbà jù nínú ọgbà, tí gbogbo èèyàn rò pé ara rẹ̀ le, inú rẹ̀ ti jẹrà. Ó wó lu ọ́fíìsì.

Kò mọ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe gbé e débẹ̀. Òrùlé ti balẹ̀. Ẹ̀ka ńlá kan ti fọ́ àga rẹ̀ yángá. Àwọn òṣìṣẹ́ ń ké, wọ́n ń fi ọwọ́ lásán tú pátákó. Olórí olùtọ́jú ọgbà ló wà níwájú, ẹ̀jẹ̀ ń dà níka rẹ̀.

"Báàgì ẹ̀ rèé! Abẹ́ ibí ló wà! Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn! Mi ò ní wọ bàtà yẹn wọlé mọ́ láyé!"

Ìyá Òfin dúró lẹ́yìn wọn. Ó dà bí ẹni tó ń wo òkú ara rẹ̀.

"Mo... mo wà níbí."

Ariwo ta! Obìnrin tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, ó ń kígbe pé òkú ń sọ̀rọ̀. Bàbá nìkan ni kò sá. Ó fi ìka kan kàn án léjìká bí ẹni tó ń dán iná wò, ó bá jókòó sílẹ̀ gbì, ó ń sunkún bí ọmọdé.

Ìyá Òfin jókòó tì í nínú ẹrẹ̀ tí bàtà rẹ̀ kó wá.

"Ẹ kú ewu o," bàbá ní.

"Ẹ ṣeun, sà. Ẹ ṣeun."

Ọmọ Ìyá Òfin ní kó fiṣẹ́ sílẹ̀. "Kí n wá lọ síbo?" ló dá a lóhùn. "Ibi tí kò sígi?" Yàrá tó kọjú sí ilé irúgbìn ló ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Àmọ́ bí ẹ̀ka gbígbẹ lásán bá já níta, á ti fò dìde, á sì pẹ́ díẹ̀ kó tó lè jókòó padà.