Ọkọ̀ Èkó

"Màmá, ọmọ yín tún ti dé o," ni Láwàl, awakọ̀ bọ́ọ̀sì Èkó, wí. "Ó ní kí n yẹ ẹ̀yìn ọkọ̀ wò, bóyá Kẹ́hìndé sùn lọ síbẹ̀."

Fẹ̀hìntọlá rí ọmọ-ọmọ rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì ní gáréèjì Igbó-Ọrà. Mọ́ínmọ́ín eléwé méjì ni wọ́n fún un láàárọ̀. Ó ti jẹ ọ̀kan. Èkejì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ẹnu Fẹ̀hìntọlá gan-an lọ̀rọ̀ Èkó yìí ti jáde. Lọ́jọ́ tí àwọn agbébọn ya wọ abà wọn lọ́nà Ayétẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo ni Ìbílọlá ọmọ rẹ̀ gbé sá dé Igbó-Ọrà, Táyé nìyẹn. A kì í pe ikú mọ́ ìbejì. Ohun tí ìyá Fẹ̀hìntọlá máa ń wí tí ọ̀kan nínú ìbejì bá lọ ni òun náà wí: "Kẹ́hìndé lọ sí Èkó." Láti ìgbà náà, kí ọkọ̀ Èkó tó wọlé lọ́sàn-án, Táyé á ti dé gáréèjì.

Nọ́ọ̀sì Salome ní kí Fẹ̀hìntọlá bá ọmọ náà sọ òótọ́. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló ń kó àwọn obìnrin tó sá wá láti abà jọ, kí wọ́n lè sọ ohun tójú wọn rí. Ìbílọlá kò débẹ̀ rí.

Fẹ̀hìntọlá jókòó ti ọmọ náà. "Táyélolú, Ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn. Èkó tí mo wí lọ́jọ́sí..."

"Mo mọ̀, ìyá àgbà."

"Kí lo mọ̀?"

"Ojú mi ló ṣe. Inú oko ẹ̀gẹ́ ni mo sá pamọ́ sí kí màámi tó wá gbé mi."

Arúgbó náà fọwọ́ di bẹ́ǹṣì mú. "Kí lo wá ń dúró dè níbí?"

"Màámi ni. Tí mo bá délé, wọ́n á ní, 'Ṣé ọkọ̀ Èkó ti dé?' Tí mo bá ní ó ti dé, wọ́n á ní Kẹ́hìndé á bá ti ọ̀la wá. Ìgbà yẹn ni wọ́n máa ń jẹun."

Fẹ̀hìntọlá gbé mọ́ínmọ́ín kejì nílẹ̀. Ó tú ewé rẹ̀, ó dá a sí méjì, ó fún un ní ìdajì.

"Ọ̀la ni Ọjọ́bọ̀. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta là ń lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Èmi ni n ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Èmi ni mo purọ́."

"Èkó wọlé o!" ni Láwàl ń ké sí àwọn èrò tó ń lọ. "Ẹnì kan ló kù!"

Táyé wo ọkọ̀ náà títí tó fi yà ní kọ́nà. Lẹ́yìn náà ló tó gé mọ́ínmọ́ín jẹ.