Wáyà Yàrá Ẹ̀yìn

2.

…nítorí pé wáyà tín-ín-rín ni wọ́n fi sí yàrá ẹ̀yìn láti ìbẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ààrò búrẹ́dì àbúrò mi ń jẹ iná bí àlejò tí ebi ń pa. Wáyà yọ́. Ògiri di dúdú. Orí ló yọ wá. Lẹ́yìn náà ni àbúrò mi wá iṣẹ́ lọ sókè òkun, ó ní òun á padà wá ṣe búrẹ́dì. Mo pe oníṣẹ́ iná pé kó wá fa wáyà tuntun.

3.

Ohun tí oníṣẹ́ iná fi ṣọ́ọ̀kì kọ sára ògiri, bí wáyà kọ̀ọ̀kan ṣe máa nípọn tó:

GÍLÓÒBÙ — wáyà ọ̀kan ààbọ̀
SỌ́KẸ́Ẹ̀TÌ — méjì ààbọ̀
ÀÀRÒ — mẹ́fà
YÀRÁ Ẹ̀YÌN — ?

Mo fi àtẹ́lẹwọ́ nu àmì ìbéèrè yẹn kúrò. Ó tún un kọ.

4.

ÒUN: Màmá, kí lẹ fẹ́ máa lò ní yàrá ẹ̀yìn?

ÈMI: Ṣé dandan ni kí wáyà mọ̀ ni?

ÒUN: Dandan ni o. Tó bá jẹ́ gílóòbù nìkan, tín-ín-rín ti tó. Tó bá jẹ́ ààrò, àfi èyí tó nípọn. Ẹ má wo ohun tó wà níbẹ̀ lónìí. Ohun tó ń bọ̀ la fi ń yan wáyà.

ÈMI: Ṣé wòlíì ni ẹ́ ni, àbí oníṣẹ́ iná?

ÒUN: Lọ́la ni bíríkìlà ń bọ̀ wá rẹ́ ògiri, Màmá. Tó bá ti rẹ́ ẹ tán, ó di ká tún fọ́ ọ.

5.

Àtẹ̀jíṣẹ́ àbúrò mi:

*Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ta ààrò yẹn. Mo ti ríṣẹ́ gidi síbí, mo ti gbalé. Ẹni tó fẹ́ rà á ń bọ̀ lónìí. Ẹ má bínú sí mi.*

6.

Ta ló ń bínú?

7.

Èsì tí mo kọ, tí mo pa rẹ́: *Kú oríire.*

Èsì tí mo kọ, tí mo tún pa rẹ́: *Ta ni kí n máa bá jẹun?*

Èsì tí mo fi ránṣẹ́: *Ó dáa.*

8.

Lára ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn, ọwọ́ àbúrò mi ló kọ ọ́:

ẸNI TÓ BÁ ṢÍ ÀÀRÒ KÍ BÚRẸ́DÌ TÓ JINÁ, ÒUN NI YÓÒ JẸ ÈYÍ TÓ BÀJẸ́. Ẹ̀GBỌ́N MI, Ẹ̀YIN NI MÒ Ń BÁ WÍ.

9.

Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Síbẹ̀, tí mo bá ti ọjà bọ̀, mo ṣì máa ń kígbe lẹ́nu ọ̀nà pé, “A dé o!” Fíríìjì ló ń dáhùn.

Àárò àbúrò mi ń sọ mí gan-an.

10.

ÈMI: Fa mẹ́fà.

ÒUN: Àbúrò yín ń bọ̀ nìyẹn?

ÈMI: Ó ń bọ̀.

11.

Irọ́ ni mo pa.

12.

Oníṣẹ́ iná fà á tán lọ́sàn-án. Ó ní a gbọ́dọ̀ fi ààrò gan-an dán an wò kí bíríkìlà tó bò ó. Mo ká aṣọ kúrò lórí ààrò, mo tan án lófìfo. Nígbà tó yá, òórùn ìyẹ̀fun àtijọ́ jáde, yàrá móoru. Mo fọwọ́ kan wáyà náà, kò gbóná rárá.

Mo sunkún díẹ̀. Oníṣẹ́ iná ṣe bí ẹni tó ń wá ìṣó nílẹ̀.

13.

ÒUN: Wáyà yìí á gbé e, Màmá. Ẹ lè pa á.

ÈMI: Jẹ́ kó ṣì wà bẹ́ẹ̀.

ÒUN: Ẹnìkan ń kanlẹ̀kùn.

ÈMI: Mo gbọ́.

ÒUN: Ó ní òun wá gbé ààrò.

ÈMI: Sọ fún un pé ó ṣì gbóná.