Ìlà Mẹ́ta

Olùkọ́ ọmọ mi ló ránṣẹ́ pè mí. Mo yọ áyọ́ọ̀nù, mo gba ilé-ìwé lọ tìbínú-tìbínú, torí alágbàfọ̀ tó ní ogójì aṣọ nílẹ̀ kì í fẹ́ ìpè. Mo ti ní tó bá jẹ́ pé ọmọ náà jà ni, màá kọ́kọ́ bá a parí tiwa.

Olùkọ́ na fọ́ọ̀mù kan sí mi. Wọ́n ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ iṣẹ́ mẹ́ta tó wù ú. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tó ń gba ipò kìíní nínú ìṣirò, kọ alágbàfọ̀ sí ìlà kìíní, alágbàfọ̀ sí ìkejì, alágbàfọ̀ sí ìkẹta.

"Ọ̀fẹ́ ni kíláàsì sáyẹ́ǹsì, Màmá," olùkọ́ ní. "Àyè kan ló kù, ẹni tó bá kọ iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì la máa fún, aago méjì la sì máa tì í. Àbí ẹ̀yin lẹ ní kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?"

Mo ní rárá o, àmọ́ mo rántí ọjọ́ kan. Ọmọ yìí ò tíì ju ọdún mẹ́jọ lọ nígbà tó gbé kóòtù funfun dókítà kan, oníbàárà wa, wọ̀, tó ń wo ara rẹ̀ nínú dígí. Mo gbá a létí. Ní ṣọ́ọ̀bù wa, a kì í wọ aṣọ oníbàárà wò. Mo ní ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́, mo sì ń pa òwe yẹn fún un títí dòní. Mo rò pé ọgbọ́n ni mò ń kọ́ ọ.

Wọ́n pè é wá. Olùkọ́ fún un ní fọ́ọ̀mù tuntun. Mo ní, "Kọ ohun tó wù ẹ́. Mi ò ní bínú."

"Bíi kí ni, Màmá?"

"Ohunkóhun."

Ó jókòó, ó di bírò mú. Ó wo ìwé, ó wo òrùlé, ó wo ojú mi, bí ẹni tí wọ́n ní kó lọ mú nǹkan nínú yàrá tí kò wọ̀ rí. Ó ń ṣe mí bíi kí n pariwo "dókítà" sí i létí, àmọ́ olùkọ́ ní ó gbọ́dọ̀ ti ọkàn ọmọ náà fúnra rẹ̀ wá. Aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

"Ẹ má bínú," ó rọra sọ. "Mo wá a, mi ò rí i. Ẹ̀yin ńkọ́, kí ló wù yín nígbà tẹ́ ẹ tó mi?"

 Ìyá mi nìkan ni mo rántí, nídìí báàfù, tó ń fọ aṣọ oníbàárà. Olùkọ́ gba fọ́ọ̀mù náà lọ́wọ́ rẹ̀ lófìfo, ó pe ọmọ tó kàn fún àyè kan yẹn.